Ọgọ́ta Kẹ́ẹ̀gì àti Ọ̀kan Lé

Ajé, 11 oṣù kọkànlá, 2002

Mo ra ìwé yìí ní Ring Road lọ́sàn-án òní. Inú ìwé ìjọba ni mo ti ń kọ nǹkan sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ewé tí mo bá kọ òótọ́ sí kì í pẹ́ já bọ́ nínú fáìlì. Tèmi ni èyí. Ẹni tó bá fẹ́ ya á, kó wá bá mi nílé.

Obìnrin onídìrí kan jóná ní Upper Sakponba ní Sátidé. Ó ń da kẹrosíìnì sínú láńtà ni iná sọ mọ́ ọn. Mo lọ wò ó nílé ìwòsàn láàárọ̀. Ojú rẹ̀ kò bàjẹ́ púpọ̀. Ọwọ́ àti àyà rẹ̀, mi ò ní kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Madam, na witch do my pikin so?"

Mo ní, "No, Mama. Na person mix petrol put for kerosene."

"Which person?"

Ẹnì kẹta nìyí láàárín oṣù kan. Pẹtiróòlù jẹ́ náírà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lítà kan, kẹrosíìnì ti wọ àádọ́ta, kò sì sí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá mọ ìṣirò tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, iṣẹ́ ti dé fún un.

Ọjọ́rú, 13

Mo tọ ẹsẹ̀ kẹrosíìnì náà lẹ́yìn bí ẹni ń tọ ewúrẹ́ tó sọnù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jóná, ọwọ́ alágbàtà ni wọ́n ti rà á, àwọn alágbàtà náà sì ní ilé epo Olóyè Ọláoyè ní Upper Sakponba làwọn ti ń gbé e.

Olóyè Ọláoyè! Bàbá ìsàlẹ̀ Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀, ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tí a ń gbé Ìbìní. Ọkọ mi gan-an ni akọ̀wé ẹgbẹ́ náà.

Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì àjọ ìjọba wa tó ń ṣọ́ ilé epo lọ́rùn. Mo kúnlẹ̀ kí i tán, mo wá ní kí wọ́n ṣí táǹkì fún mi. Bí a ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn, iṣẹ́ ìjọba ò lè gbà á lọ́wọ́ mi. Olóyè kò bínú. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ jókòó, ẹ mu mọ́ọ̀tì." Mo mu mọ́ọ̀tì. Mo bu ìgò méjì, mo fi èdídì dì wọ́n lójú rẹ̀. Ọ̀kan ń lọ sí Èkó, níbi tí àjọ wa ti ń ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi.

Ẹtì, 15

Mo gbé ago idẹ tí mo fi ń dán epo wò jáde, èyí tí mo ra fúnra mi nígbà tí mo wà ní Kàdúná. Epo Olóyè gbaná nínú rẹ̀ láì tíì gbóná. Ọ̀gá mi, Mr. Osaretin, ní àyẹ̀wò ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ẹ̀rí, kí a dúró de Èkó. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹ̀rọ tiwa ti bàjẹ́ ní ọ́fíìsì.

Ìṣẹ́gun, 26

Èkó dáhùn. Wọ́n ní èdídì ìgò náà ti já kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn, nítorí náà wọ́n dà á nù. Wọ́n dà á nù! Mo fi ọwọ́ ara mi dì í, mo sì fi ọwọ́ ara mi fà á wò. Àbújá wá fi fáàsì kún un pé kí a pa fáìlì dé.

Mr. Osaretin ò lè wo ojú mi. Ó ń to péènì lórí tábìlì. "Madam Akínfẹ́mi, I beg, leave am. You don do your own."

Ìlú kẹrin nìyí tí wọ́n ti ń sọ fún mi pé mo ti ṣe tèmi. Ìlọrin, Kàdúná, Àkúrẹ́, gbogbo ibi tí mo bá ti tú nǹkan ni wọ́n ti ń kó ẹrù mi jáde. Mi ò sùn lánàá, mi ò sì rò pé màá sùn lónìí.

Àbámẹ́ta, 30

Olóyè Ọláoyè pé ọgọ́ta ọdún. Kò ṣe ayẹyẹ kankan. Ó ní ará ìlú ń jìyà, òun ò lè máa jó. Ìpàdé ẹgbẹ́ ló wá, ó sì kó ẹ̀bùn wá sínú ọkọ̀ akẹ́rù: kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́rin-mẹ́rin, kẹrosíìnì kún inú wọn. Ojú rẹ̀ ni wọ́n tẹ̀ sára ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú fìlà àti ẹ̀rín, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Ẹ bá mi dúpẹ́." Wọ́n tún fi bébà olórúkọ rẹ̀ lẹ ìdérí mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì, tí ó fi jẹ́ pé kò sí bí o ṣe fẹ́ ṣí i tí bébà náà kò ní ya.

"Ọgọ́ta ọdún, ọgọ́ta kẹ́ẹ̀gì," ni Olóyè wí. "Àti ọ̀kan lé, nítorí ọdún tó ń bọ̀."

A ṣe àmín. Ọkọ mi ń pe orúkọ nínú ìwé, ẹni tó bá gbà á fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni má baà gbà lẹ́ẹ̀mejì. Ọgọ́ta ìdílé. Ó kàn mí, mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ ò ní yẹ èyí náà wò?"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Àìkú, 1 oṣù kejìlá

Mo yẹ ẹ́ wò.

Kẹrosíìnì gidi, díẹ̀díẹ̀ lèèyàn ń mú un gbóná nínú ago, téèyàn ń na iná kékeré sí i lẹ́nu, tẹmómítà á sì kọjá ogójì kó tó dáhùn. Ti Olóyè kò jẹ́ kí n mú un gbóná rárá. Bí mo ṣe ń na iná bọ̀, ó wá pàdé mi lọ́nà. Bí kì í bá ṣe garawa iyanrìn, irun iwájú mi ì bá ti lọ.

Mo jókòó sórí àkúfọ́ búlọ́ọ̀kù. Olóyè fi ojú ara rẹ̀ sí i! Ó fi orúkọ rẹ̀ dí i lẹ́nu! Ẹ̀rí tí mo ti ń wá láti oṣù tó kọjá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín in fún ọgọ́ta ilé. Kì í ṣe pé ó fẹ́ pa wá. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tàn nílé rẹ̀, kò da kẹrosíìnì sí láńtà láti ọdún mẹ́wàá. Lójú rẹ̀, àìkíyèsára àwọn tálákà ló ń jó wọn.

Kẹ́ẹ̀gì mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló wà nílé àwọn ènìyàn nísinsìnyí, iná ẹ̀lẹ́tíríìkì sì ti lọ.

Ajé, 2

Mr. Osaretin gbọ́ mi tán, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀rí yìí dára, kí n fi èdídì dì í, kí n fi ránṣẹ́ sí Èkó. Ó ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn tó kù. "If you gather am, Chief go say na you pour petrol inside. Case don die be that." Àbújá ni yóò sọ ohun tí a máa ṣe.

Ohun tó sọ kò burú bí èèyàn bá wò ó látinú fáìlì. Ṣùgbọ́n a kì í fi iná sórí òrùlé kí a lọ sùn.

Ọjọ́rú, 4

Fáàsì Àbújá: kí gbogbo ìgbésẹ̀ dúró títí ìgbìmọ̀ yóò fi jókòó ní ọjọ́ kejìdínlógún. Ọjọ́ mẹ́rìnlá! Mo ka á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo wá ká a, mo fi nu tábìlì.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo bèèrè ìwé orúkọ lọ́wọ́ ọkọ mi. Bàbá Ìyìn ò fún mi. Ó ní ìwé ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe ìwé ìjọba, ẹgbẹ́ ló fọkàn tán òun. Ó ní Olóyè ló dúró fún òun nígbà tí wọ́n fẹ́ lé òun kúrò níbi iṣẹ́ olùkọ́ ní Ugbowo. "A kì í ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, Ìyá Ìyìn."

Mo ní, "Àwọn ọgọ́ta yìí ńkọ́, ará ibo ni wọ́n?"

Mo gbé ago idẹ sórí ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, mo ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ na iná náà. Ó nà á. Ó fò sẹ́yìn, ó sì dúró pẹ̀lú ọwọ́ lórí. Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbé ìwé jáde, ó ní, "Èmi ni màá pe orúkọ. Wọn ò ní gbọ́ tìrẹ."

Ẹtì, 6

Ilé mẹ́sàn-án. Òótọ́ ló sọ, wọn ò gbọ́ tèmi. Ẹ̀bùn ọlọ́jọ́ìbí, lásìkò ọ̀wọ́n epo, ta ní ń dá a padà? Ìyá kan ní Ugbowo ní, "Ìyá Ìyìn, kí ni Olóyè ṣe fún yín?" Ṣùgbọ́n tí akọ̀wé bá ti pe nọ́ńbà wọn, tí mo sì da epo ìdérí kan sínú àwo àlòkù tí mo na iná sí i, ẹnu á pa mọ́. Ohun tó dùn wọ́n jù ni kẹ́ẹ̀gì náà fúnra rẹ̀. "Ẹ da epo nù, ẹ fún wa ní kẹ́ẹ̀gì wa."

A ń kó wọn lọ sórí ilẹ̀ tí a rà tí a kò tíì kọ́lé sí. Mo kọ nọ́ńbà onílé sára ìkọ̀ọ̀kan, mo to wọ́n sínú iyanrìn, jìnnà sí ilé, lábẹ́ igi, bí wọ́n ṣe kọ́ wa níléèwé àjọ. Ọmọ wa Ìyìnolúwa ràn wá lọ́wọ́ títí dé ẹnu géètì nìkan. Ó ní, "Mummy, this man's face is everywhere."

Àìkú, 8

Mẹ́tàlélógún lójúmọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn. Ẹsẹ̀ mi wú. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo nǹkan gbẹ bí ìṣáná.

Ìṣẹ́gun, 10

Nọ́ńbà kẹtàdínlógójì ni Màmá Ọláníkẹ́, àgbà ẹgbẹ́, ìyá ẹni àádọ́rin ọdún tó ń ta àgbo àti ọṣẹ ní Upper Sakponba. Òun ló gbà mí sílé ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí. Ó ti gbọ́ pé à ń bọ̀, ó ti gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Bébà ọrùn rẹ̀ ti ya, mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀, òórùn kẹrosíìnì ni. Ó wúwo díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Mo rò pé ó ti rẹ̀ mí ni. Ó súre fún wa, mo kúnlẹ̀, ọkọ mi fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12

Wọ́n dá mi dúró níbi iṣẹ́. Olóyè ti gbọ́, Àbújá sì ti gbọ́ lẹ́nu Olóyè. "Fún kíkọ etí ikún sí àṣẹ." Wọ́n ní kí n dá káàdì ìdánimọ̀ àti jákẹ́ẹ̀tì padà. Mi ò dá nǹkan kan padà. Ilé mẹ́jọ ló kù, ta ló sì fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún obìnrin tí kò ní jákẹ́ẹ̀tì?

Àbámẹ́ta, 14

Ọgọ́ta! Ọgọ́ta pé! Mo fi ìka kà wọ́n nínú iyanrìn lẹ́ẹ̀mejì, ojú Olóyè ọgọ́ta ń rẹ́rìn-ín sí mi. Bàbá Ìyìn ra ẹja tútù lọ́nà, èmi se ọbẹ̀. Mo sùn bí òkúta.

Ajé, 16

Màmá Ọláníkẹ́ jóná lánàá.

Ọkọ mi ló gba ìpè. Mo sáré lọ sórí ilẹ̀ wa kí n tó lọ sílé ìwòsàn, ọkàn mi ti mọ̀. Mo ṣí nọ́ńbà kẹtàdínlógójì, mo dà á sílẹ̀. Kẹrosíìnì ìwọ̀n ṣíbí díẹ̀ ló wà lókè. Omi ni ìyókù. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Màmá ti da epo sínú ìgò, ó fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì fi omi kún kẹ́ẹ̀gì kí n lè rí nǹkan gbé lọ.

Ó wúwo. Omi wúwo ju epo lọ, ọmọ tó wà ní fọ́ọ̀mù kìíní mọ̀ ọ́n. Ní gbogbo ilé yòókù ni mo ti da epo sí àwo kí n tó gbà á. Nílé rẹ̀ nìkan ni mi ò dà á, nítorí mi ò lè yẹ àgbà wò lójú ara rẹ̀ bí ẹni ń wá olè. Mo kúnlẹ̀. Mo gba ìre. Ìkúnlẹ̀ mi ló jó ìyá yìí, èmi nìyí, obìnrin tó ń pariwo pé ìjọba ò fojú sí nǹkan.

Ìṣẹ́gun, 17

Ó mọ̀ mí. Ọwọ́ méjèèjì wà nínú báńdéèjì, èyí tó burú jù ni ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Ó ní, "Dìde. Ìwọ kọ́. Mo ní ẹ̀bùn ni, mo ní ìjọba fẹ́ gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ mi."

Ọkọ mi mú ìwé jáde, ó ní kí Màmá sọ bó ṣe gba kẹ́ẹ̀gì náà ní dídì lọ́wọ́ Olóyè, kó tẹ̀ka sí i. Ó yí ojú sí ògiri. Ó ní bàbá ẹgbẹ́ ni, òun ò lè fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ọlọ́pàá. Kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó gbà. A ti béèrè lọ́wọ́ mọ́kànlá.

Nínú ọkọ̀ ni mo rántí. "Bàbá Ìyìn, ọ̀kan lé ńkọ́?"

Ó ronú. Ó ní dírẹ́bà Olóyè ló gbé e sínú bùùtù lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ti ọ̀gá kan ni ní Ugbor.

Ọ̀gá kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń gbé Ugbor.

Ọjọ́rú, 18

Agogo méje àárọ̀ ni mo dé ilé Mr. Osaretin. Mo ṣe bí ẹni pé mo wá dá káàdì ìdánimọ̀ padà ni. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ń wẹ̀. Mo ní ṣé mo lè rí omi mu, mo gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lọ sí ilé ìdáná. Mo ń wá kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, mo ti ń ronú bí màá ṣe da epo sínú àwo níwájú òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, bí ojú rẹ̀ yóò ṣe là.

Kò sí níbẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Ní ìparí ọgbà, lẹ́bàá ògiri, lábẹ́ igi máńgòrò, ojú Olóyè Ọláoyè ń rẹ́rìn-ín láti inú òkìtì iyanrìn. Wọ́n ti ri kẹ́ẹ̀gì náà títí dé àárín, jìnnà sí ilé, nínú òjìji. Bí mo ṣe to ti tèmi gan-an. Iléèwé kan náà ni a lọ.

Bébà orí ìdérí kò ya. Kò tilẹ̀ ṣí i. Kò nílò láti ṣí i.

Ó jáde pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́rùn, ó sì rí ibi tí mo dúró sí.

Mo ní, "Oga, who you dey hide am for?"

"My pikin dem," ó ní, ohùn rẹ̀ kéré. "Madam, I get four pikin."

Mo ní Màmá Ọláníkẹ́ náà bí mẹ́rin. Inú bí mi. Ọkùnrin yìí ti mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún un. Ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ Àbújá, ó sì ti wá sílé wá wa iyanrìn.

Mo yọ ìwé àṣẹ tí a fi ń ti ilé epo pa jáde nínú báàgì mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí mo ti ń gbé e kiri, ọ̀gá ẹ̀ka nìkan ló lè fọwọ́ sí i. Mo ní yálà kó fọwọ́ sí i nísinsìnyí, tàbí kí n kọ ibi tí mo ti rí kẹ́ẹ̀gì kọkànlélọ́gọ́ta sínú fáìlì, pẹ̀lú iyanrìn rẹ̀. Ó gbé e lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Omi ìwẹ̀ kán sórí ọjọ́ tó kọ.

Mi ò kọ ọ́ sínú fáìlì. Ìwé yìí ni mo kọ ọ́ sí.

Ẹtì, 20

A ti ilé epo Olóyè pa lágogo mẹ́wàá. Èmi ẹni tí wọ́n dá dúró, àti ọ̀gá tí kò wo ojú mi. Olóyè ní èmi ni mo da pẹtiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì òun. Lọ́yà rẹ̀ ní kí a mú ẹnì kan péré wá, kì í ṣe èmi tàbí ọkọ mi, tó gbà á ní dídì tó sì jóná. Bí a kò bá rí i, ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní ni èdídì yóò kúrò.

Ọjọ́rú, 25

Kérésìmesì. Ilé epo ṣì wà ní títì. Kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó kí wa ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ajé, 6 oṣù kìíní, 2003

Lẹ́tà Àbújá dé, méjì papọ̀. Àkọ́kọ́: ìgbìmọ̀ ti jókòó, wọ́n gbà pé kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn kẹ́ẹ̀gì náà. Ìkejì: wọ́n dá mi padà sẹ́nu iṣẹ́, ní Sókótó, láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí Bàbá Ìyìn fi sáré jáde wá wò mí.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ó ku ọ̀la. Mo ti di ẹrù mi tán, mo wá lọ dágbére fún Màmá Ọláníkẹ́. Mi ò mú ìwé dání. Mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu mọ́, mo kàn fẹ́ bọ́ ọ ní ẹ̀kọ.

Ó jẹun díẹ̀. Ó bi mí bóyá Olóyè ti wá wo òun nígbà tí òun sùn. Mo ní rárá, Màmá. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wà níbí? Mo ní rárá. Ó ń wo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ tí mo ti dá padà ní òfìfo, èyí tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń gbé omi wá fún un, ojú Olóyè ṣì wà lára rẹ̀.

Ó ní, "Lọ pe ọkọ rẹ. Kó mú ìwé wá, àti íńkì."

Àtàǹpàkò ọ̀tún kò ṣeé lò mọ́. Ti òsì ló fi tẹ̀ ẹ́.